Ihò Tí Wọ́n Dí ní Ọjọ́bọ̀

Yàrá mẹ́sàn-án ló wà nínú ilé tí bàbá àgbà Bushrat kọ́ sí Sabon Gari. Desmond Ọládayọ̀, tí ògiri rẹ̀ àti tiwọn jọ fara kanra, ní mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ti bàbá òun, pé bàbá àgbà Bushrat ta á fún un kó tó kú. Kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Adájọ́ ní kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ ilé tó wà nínú kọ̀m̀pútà ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wá, kí Bushrat àti Desmond sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé ohun tó bá wà níbẹ̀ làwọ́n gbà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bushrat ló ń tọ́jú kọ̀m̀pútà náà. Ẹ̀rọ kan ni, ojú mẹ́fà, ìyẹn ibi ìtẹ̀wé tó ní síkíríìnì, ló ní nínú gbọ̀ngán ẹgbẹ́, olúkúlùkù sì ní orúkọ tó fi ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ lè ka àkọsílẹ̀ ilé, ṣùgbọ́n ọ̀gá ẹ̀rọ nìkan ló lè yí i padà. Alhaji Kàdírì, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni ọ̀gá náà. Inú orí rẹ̀ ni páásíwọ́ọ̀dù wà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ti lọ tọ́jú ojú ní Ìlọrin, ó sì ní bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun lè fi fóònù wọ inú ẹ̀rọ láti ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Bushrat kà nípa ihò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nínú kánẹ̀lì, ìyẹn ètò ìsàlẹ̀ tó ń pinnu ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti fi orúkọ kékeré, èyí tí kì í ṣe ti ọ̀gá, wọlé lè gba ihò náà di ọ̀gá. Ó fi ètò kan yẹ ẹ̀rọ ẹgbẹ́ wò. Ihò náà wà níbẹ̀. Kánẹ̀lì tuntun nìkan ló lè dí i, ọ̀gá ló sì lè fi í sí i, kó pa ẹ̀rọ, kó tún un tàn.

Ó ṣí ojú ìwé ilé wọn. Yàrá mẹ́sàn-án, orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ nìkan. Ó lọ bá alága, Bàbá Ṣótúndé.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ti gbọ̀ngán títí Alhaji á fi dí i."

"Ká ti gbọ̀ngán nítorí ihò tí ojú ò rí? Kí ni màá sọ fún àwọn èèyàn?"

"Tàbí kí èmi fúnra mi gba ibẹ̀ wọlé, kí n dí i láti inú."

Bàbá Ṣótúndé bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bushrat, bí o bá gba ojú fèrèsé wọ ilé onílé, tí o ní fèrèsé lo lọ tì, ta ló máa gbà ọ́ gbọ́? Ẹjọ́ ilé tìẹ sì ni."

"Èmi á kúkú fọwọ́ sí i fún adájọ́," ni Desmond wí láti ìdí ojú kẹta, níbi tó ti ń tẹ orúkọ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. "Ìyá Kọ̀m̀pútà, haba. Ẹ̀rọ tí ò ń nù lójoojúmọ́ lo wá ń sá fún?"

"Bùrọ̀dá Desmond, tí ihò yẹn bá ṣì wà, mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan."

"To, kò burú. Adájọ́ á ní o ń sá."

Òótọ́ ni. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ẹjọ́ bọ́ sọ́wọ́ Desmond. Bó bá fọwọ́ sí i tí ihò ṣì wà, ẹnikẹ́ni lè fi òru ọjọ́ kan mú yàrá mẹ́rin lọ. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nípa ihò náà sí Fàtíyà, ọmọ Alhaji, tó wà pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Fàtíyà dáhùn pé, "Màá sọ fún Bàbá." Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bushrat ṣí ojú ìwé náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Yàrá mẹ́sàn-án. Ọjọ́rú, ó ṣí i nígbà mẹ́fà. Kò lọ sílé jẹun. Bí ẹnì kan bá jókòó sí ìdí ojú kan, Bushrat á dìde lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń wá bírò.

Ọjọ́bọ̀, ó lọ kírun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngán. Ẹ̀rọ ìlọta oníná tó wà ní ojúlé kejì ń kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrun títí wọ́n fi sálámà. Nígbà tó padà dé, gbogbo ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń bèèrè orúkọ ìwọlé.

"Wọ́n mú iná, wọ́n sì dá a padà," ni Desmond wí. "Iṣẹ́ mi lọ. Mo tún ń tẹ̀ ẹ́ látòkè."

Bushrat wọlé, ó fi ètò rẹ̀ yẹ ẹ̀rọ wò. Ihò náà ti dí. Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà kánẹ̀lì ti yí padà sí tuntun. Ó gbé ìwájú orí lé tábìlì.

"Kí ló dé?" Desmond bèèrè.

"Alhaji ti dí i."

"Ṣé o rí i? O kàn da ara ẹ láàmú."

Ó lọ sílé lọ jẹun ní ọjọ́ náà, kò sì ṣí ojú ìwé kankan.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá Ṣótúndé tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde níwájú gbogbo wọn. Bí ẹgbẹ́ ti máa ń ṣe, ó da ojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ká a sínú àpò ìwé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á, kí ẹnì kan má baà sọ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà. Desmond fọwọ́ sí ẹ̀yìn àpò náà. Bushrat fọwọ́ sí i lábẹ́ tirẹ̀. Ọlọ́kadà gbé e lọ sí ilé ẹjọ́.

Lẹ́yìn náà ni Bushrat pe Fàtíyà, ó ní kó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji, pé Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú wọn là kedere.

"Ọpẹ́ kí ni?" ni Fàtíyà wí. "Báńdéèjì ṣì wà lójú Bàbá méjèèjì, wọn ò tíì fọwọ́ kan fóònù láti ọjọ́ Àìkú, wọ́n ní kí n bẹ̀ ọ́ pé kí o ní sùúrù, tó bá di ọjọ́ Ajé àwọn á bá ọ dí ihò náà."

Bushrat rántí ẹ̀rọ ìlọta oníná ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tó ń kùn láìdúró lákòókò tí Desmond ní wọ́n mú iná.