Ẹnì Kan Nínú Ogójì

Olùkọ́ gbé ìdì ìwé ìbéèrè náà sórí tábìlì. "Èsì yín rèé."

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó wá láti Emùré gbórí sókè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ní kí kíláàsì wọn kọ ọ́ bóyá ayé tẹ́ wọn lọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ orúkọ. Ẹ̀bùn, olórí kíláàsì, ló kó wọn jọ lọ́jọ́ náà.

"Òótọ́ ni kí gbogbo wa kọ o. Tí wọ́n bá rí i pé ó ti sú gbogbo wa, wọ́n á dín iṣẹ́ wọ́ọ̀dù kù."

Gbogbo wọn ló gbà. Ọmọbìnrin ará Emùré náà kọ ọ́ pé òun kì í sùn tó, pé òun ń sunkún ní balùwẹ̀, pé òun fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀.

"Ogójì ni yín," ni olùkọ́ wí. "Mọ́kàndínlógójì ló ní ayé tẹ́ àwọn lọ́rùn pátápátá. Nítorí náà, a ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ wọ́ọ̀dù. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́ sá lọ."

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀bùn dìde. "Ó mà ṣe o! Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún un, mà."

"Ta ni?"

"A ò mọ̀ ọ́n, mà." Ó di ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, ẹ na ọwọ́ yín sí i."

Gbogbo ọwọ́ tó wà nínú kíláàsì náà nà sí ọmọbìnrin ará Emùré.