Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Oyèkúnlé

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan ní Òkèhò fún yín. Oyèkúnlé ni orúkọ rẹ̀. Awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ dunjú ni, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n kì í gba ìmọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ti bá a lára mu, bí ẹni pé kò gbọ́ ọ ni.

Àṣàbí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú, Àjàní, oríkì rẹ̀, ló sì máa ń pè é. Nígbà tí Oyèkúnlé ra bọ́ọ̀sì ńlá kan, tí inú rẹ̀ gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àṣàbí ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e tó ṣàdúrà. Oyèkúnlé tún ọkọ̀ náà ṣe dáadáa. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó rán awọ tuntun sí àwọn àga, ó ṣe ibi ìkẹ́rù sórí rẹ̀. Síbẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fẹ́ fi ìjókòó kan kún un lẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n sì jó ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa mọ́ ara ọkọ̀, kí ìjókòó náà lè rí ibi fara tì.

Bàbá Ráímì, wẹ́dà àdúgbò, kọ̀ jálẹ̀.

"Kúnlé, mi ò ní í ṣe é. Bí ọkọ̀ yìí bá ṣubú, ibo lo fẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbà jáde?"

"Bàbá, ọkọ̀ tí èmi bá ń wà kì í ṣubú."

Ó wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà mìíràn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ilẹ̀kùn náà ti di ògiri.

Oṣù méje ló fi ṣiṣẹ́ láìsí ewu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó kó èrò lọ sí Ìsẹ́yìn, Àṣàbí sì wà láàárín wọn. Iwájú ni wọ́n fi Àṣàbí sí, ṣùgbọ́n ó dìde fún aboyún kan, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà kan, táyà yọ̀, ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú kòtò, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ sì há mọ́lẹ̀, kò ṣeé ṣí. Àwọn ará iwájú gba ojú gíláàsì tó fọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

Oyèkúnlé sáré lọ sẹ́yìn. Ó ń fa ilẹ̀kùn náà, ó ń pariwo orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, títí èékánná rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ń gbọ́ bí àwọn tó wà lẹ́yìn ṣe ń gbá ilẹ̀kùn náà láti inú. Àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí fi àáké fọ́ fèrèsé, wọ́n ń fa èèyàn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣàbí ni wọ́n fà jáde kẹ́yìn. Èéfín ti wọ̀ ọ́ lára jù.

Ní ọjọ́ kẹta, ní ọsibítù, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

"Àjàní, má sunkún mọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé àbúrò mi máa ṣí i."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí àwọn èèyàn bá fi ẹ̀mí wọn sí ìkáwọ́ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìgbéraga dí ọ̀nà tí wọn yóò gbà yè. Bí ẹnì kan bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ dúró, kí ẹ rò ó dáadáa, torí pé ẹni tí yóò jìyà àìgbọràn yín lè jẹ́ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín jù lọ.