Ilé tí Ẹ̀ga Hun fún Ológoṣẹ́

Bí mo bá purọ́, kí ọ̀nà má gba ẹsẹ̀ mi mọ́. Ẹ̀ga hun ilé fún Ológoṣẹ́, òjò kò rí ihò kan gbà wọ̀ ọ́. Ẹ̀ga ní ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tún un ṣe.

Lọ́jọ́ kan, ẹnu ọ̀nà há mọ́ Ológoṣẹ́ nínú, iná ọdẹ sì ń jó igbó bọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré gun igi: "Ọ̀rẹ́, jẹ́ kí n fi eyín já a!"

"Eyín játijàti yìí? Lára iṣẹ́ ọ̀gá? Lọ fi jẹ ẹyìn ọ̀pẹ!"

Ológoṣẹ́ bú sórin, àwọn ẹbí rẹ̀ ń gbè é láti igi kejì:

"Ta ló hun ún?"
"Ẹ̀ga!"
"Ta ni yóò ṣí i?"
"Ẹ̀ga!"

Iná dé. Fọ́nrán kan kò tú lára ilé náà títí ó fi jóná. Mi ò rí iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí Ológoṣẹ́ sọ kẹ́yìn ni, "Ẹ̀ga ń bọ̀."

Ẹ̀ga ń bọ̀.