Bàbá Orí Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ọwọ́ Janet kì í gbọ̀n tó bá ń gúnyán. Kì í gbọ̀n tó bá ń ránṣọ. Àfi kó gbé abẹ́rẹ́ dé ìdí aláìsàn. Lẹ́ẹ̀kejì tó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin, òun nọ́ọ̀sì ló bú sẹ́kún, aláìsàn ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Lọ́kọ́ja lèyí ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1979.

Mètírọ́nù Kàrímọ́tù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, kò pariwo. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́ja ni, ẹ̀rín rẹ̀ sì burú ju ìbínú rẹ̀ lọ.

“Tọ́wọ́ rẹ bá tún gbọ̀n lónìí, di ẹrù rẹ, kí o máa lọ s'Ísánlú. Wo bàbá orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn. Oògùn agbára ara lásán ni wàá gún fún un. Àmọ́ ojo ni o! Tó bá rí abẹ́rẹ́, ó lè sá gun Òkè Páàtì.”

Ìyá Janet ti sọ fún gbogbo Ìsánlú pé ọmọ òun ti di nọ́ọ̀sì. Ojú wo ni yóò fi wọ̀lú? Ó gbé àwo abẹ́rẹ́ lọ bá bàbá náà.

Bàbá náà nìkan ló dá wà. Kò sí ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí fúláàsì, kò sí abọ́ ọbẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bíi tàwọn tó kù. Bó ṣe rí abẹ́rẹ́ báyìí, ó fa aṣọ borí.

“Yéè! Mo gbé o! Wọ́n fẹ́ pa Súbérù!”

Àwọn aláìsàn bú sẹ́rìn-ín. Àánú ṣe Janet. Ó gbé àwo kalẹ̀, ó jókòó tì í.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.”

Orí yọ lábẹ́ aṣọ. “Ìwọ nọ́ọ̀sì?”

“Èmi náà ni, sà.”

“Ó parí! Ta ni yóò wá gba ẹnì kejì sílẹ̀?”

Ẹ̀rín pa Janet. Ó di bàbá lọ́wọ́ mú, ó bi í níṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹja ló ń tà létí odò. Bàbá náà bi í nípa ìlú rẹ̀, ó bi í nípa ìyá rẹ̀, Janet sì rò ó fún un. Nígbà tó yá, bàbá yí ẹ̀yìn padà.

“Òkè, lápá òde, ni kó o gún un sí o,” ó ń sunkún. “Ibẹ̀ kì í dùn mí jù. Má sì falẹ̀, kíá ni kó o ṣe é!”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ mí kanlẹ̀. Ẹja wo ló dùn jù nínú odò yìí?”

“Àrọ̀ ni. Tí wọ́n bá yan án…”

Kó tó parí ọ̀rọ̀, Janet ti fa abẹ́rẹ́ yọ. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò gbọ̀n.

“O ti gún un ni?” ni bàbá wí. “Háà, ọwọ́ rẹ mà fúyẹ́ o!”

Inú Janet dùn débi pé ó gún àwọn mìíràn lábẹ́rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà láìdúró ronú. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Mètírọ́nù rẹ́rìn-ín, ó ní kó bá òun mú kọ́kọ́rọ́ tóun gbàgbé sílé wá, ní Otokiti.

Bàbá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ṣílẹ̀kùn fún un, òun àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó gbé abọ́ oúnjẹ dání, ó ń jẹun lóòró, ó ní: “Wọlé, ọmọ mi, jókòó, èmi ni mi ò lè jókòó, ìyàwó mi ní nọ́ọ̀sì tuntun tọ́wọ́ wọn ń gbọ̀n ṣì ku mẹ́ta.”