Aṣọ Ìnuwọ́ Delfina

Delfina ń fọ ife, aṣọ ìnuwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Amaro, ti mú oníbàárà kan láti ìlú Vigo wọ ilé ìpọntí bàbá wọn. Ìgò tuntun wà lórí tábìlì. Wọ́n ti yọ orúkọ Delfina kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amaro lára rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, orúkọ tèmi ńkọ́?"

"Imú la fi ń po wáìnì, Delfina. Ìwọ máa fọ ife lọ."

Oníbàárà rẹ́rìn-ín.

Amaro gbé wáìnì funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò sí imú. Ó dijú, ó lajú, ó sì wo àbúrò rẹ̀ fìrí.

Delfina nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó rọra fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ èjìká.

"Àbí ẹ ò gbọ́ òórùn òdòdó ọsàn lára rẹ̀?" Amaro ń yangàn. "Kò sí irú ẹ̀ létí òkun yìí."

Oníbàárà gbé tiẹ̀ sí imú, ó sì yára gbé e kalẹ̀.

"Ọ̀gá, ọtí yìí mà ti kan."

Amaro yíjú sí Delfina, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Láti ọdún tí kòrónà ti ṣe é, Amaro kò gbọ́ òórùn ohunkóhun mọ́. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀. Bí aṣọ bá wà lọ́wọ́ Delfina, ọtí ti bàjẹ́. Bó bá wà léjìká, ó dára, kí Amaro máa yìn ín.

"Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá mi," ni Delfina wí. "Ife ni mò ń fọ."