Ẹni Tó Ń Ka Físíìsì Lẹ́yìn

Ó ti rẹ Oyèníkẹ̀ẹ́ tẹnutẹnu. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó máa ṣe ìdánwò físíìsì. Bó bá tún fìdí rẹmi, yunifásítì á ní kó máa lọ sílé. Òun nìkan ló kù ní kíláàsì nígbà tí iná lọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀. Bó ṣe ń ṣí ìwé, ó gbọ́ tí ẹnìkan ń ṣí tirẹ̀ nínú òkùnkùn lẹ́yìn.

“Ta nìyẹn?”

“Físíìsì lèmi náà ń kà, àbúrò.”

“Láìsí iná?”

“Ó ti mọ́ mi lára. Ibo ló ti ta kókó?”

Àárẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ̀rù ráyè bà á. “Ìbéèrè kẹrin ni, ẹ̀gbọ́n.”

Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan. Ọwọ́ kan tó tutù bí omi àmù ṣáà fara kan tirẹ̀ lórí ìwé, ó sì rọra tọ́ka sí ibi tó ti ṣì í.

“Ibẹ̀ yẹn ni,” ni ohùn náà wí, láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún.