Ìlà Tó Yí Ìdí Agolo Ọta Ká

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe pa ìtàn yìí tì lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní ìbọn nílé.

1. Ní ọdún 1996, iṣẹ́ Làtífù ní La Porte, ìlú kan nítòsí Houston ní Amẹ́ríkà, ni láti máa yẹ páìpù epo wò. Bí ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun bá wà lára páìpù, yóò ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n nínú ilé rẹ̀ ní Fondren, àdúgbò kan ní Houston, ọ̀tọ̀ ni ìwà rẹ̀. Bó bá ti ìgbẹ́ ọdẹ dé, yóò ṣa àwọn agolo idẹ tí ọta fi sílẹ̀, yóò fọ̀ wọ́n, yóò tún rọ ẹ̀tù sí wọn, yóò sì fi orí ọta tuntun dé wọn. Ó ti tún òmíràn rọ nígbà mẹ́jọ.

2. Àbúrò rẹ̀, Àrẹ̀mú, tó ti Ìwó wá kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú, mú agolo kan nílẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ wo ìlà tó yí ìdí eléyìí ká. Ó ń dán ju ara rẹ̀ yòókù lọ.”

Làtífù kò tilẹ̀ wò ó. “Oṣù mẹ́ta péré tí o dé Houston, o ti di ẹnjiníà!”

“Ẹ má bínú, sà. Mo kàn ní kí n bi yín ni.”

“Ìdọ̀tí ni. Màá nù ún kó dán.”

Mọ́nsúrátù, ìyàwó Làtífù, dá sí i: “Bàbá Nusaiba, bó bá jẹ́ páìpù ni, ṣé ẹ ò ní yọ ọ́?”

“Páìpù kọ́ nìyí.”

Ó nu gbogbo ara agolo náà dán títí ojú kò fi rí ìlà mọ́, ó sì tún rọ ẹ̀tù sí i.

3. Ní pápá ìyìnbọn, ó na ọta náà sí Àrẹ̀mú.

“Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n lo èyí tí a rà.”

“Ojo! Ṣé mo lè fún ọ ní ohun tó máa pa ọ́ ni?”

Àrẹ̀mú kò lè kọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Ó ki ọta náà bọ ìbọn, ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì yìn ín. Agolo náà já níbi ìlà gan-an. Iná ẹ̀tù tú padà, àfọ́kù idẹ sì gba abẹ́ awò tó fi dáàbò bo ojú wọ ojú ọ̀tún rẹ̀.

4. Àwọn dókítà yọ ojú ọ̀tún. Iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú parí níbẹ̀.

Làtífù, ẹ̀gbọ́n, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀. “Àrẹ̀mú, dárí jì mí.”

“Mo rí i, Bọ̀dá. Mo sì sọ fún yín.”



Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọta rọ, ẹ gbọ́: ìlà dídán nídìí agolo kì í ṣe ìdọ̀tí; idẹ ti tín-ín-rín níbẹ̀, ó ti fẹ́ já. Ẹ má ṣe nù ún dán. Ẹ sọ ọ́ nù. Bí ọmọdé bá sì ní kí ẹ wo nǹkan, ẹ kọ́kọ́ wò ó ná, kí ẹ tó bá a wí.